Orúkọ Tí Wọn Kì Í Pè Nílé Ràsáàkì

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé a kì í pe ejò lórúkọ lóru. Okùn là ń pè é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n nílé Ràsáàkì, àgbẹ̀ oníṣu ní Ago-Amodu, wọn kì í pè é lóru, wọn kì í pè é lọ́sàn-án, wọn kì í pè é lójò, wọn kì í sì í pè é lẹ́ẹ̀rùn. Òwe tó bá ní orúkọ rẹ̀ nínú, gígé ni wọ́n ń gé e. Wọ́n á ní, "A pa á, a ò bẹ́ ẹ lórí," wọ́n á sì dákẹ́, kí olúkúlùkù fi ọkàn ara rẹ̀ parí ìyókù. Àlejò tó bá gbọ́ ọ lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé kì í rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ohun tó bí òfin náà.

Tàjúdéènì ló bí i. Òun ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ràsáàkì bí, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń pe bàbá ní Bàbá Tàjù, tí wọ́n sì fi ń pe Àdìjátù ìyá rẹ̀ ní Ìyá Tàjù. Ọmọ náà ń bọ̀ láti oko ọkà bàbà, ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ nínú koríko, kò sì rí ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òun àti Sọ̀fíyàt ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sójúde, wọ́n ń pa àlọ́ ejò, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ketekete, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe bó ṣe ń wọ́. Bàbá gbọ́ wọn látinú ilé, kò sì dá wọn lẹ́kun. Nígbà tí wọ́n sin ọmọ tán, ó ní ẹnu àwọn méjèèjì ló pè é wá, ó ní ẹnikẹ́ni kò tún gbọ́dọ̀ pè é nílé òun títí ayé. Nínú àwọn méjèèjì tó pè é, Sọ̀fíyàt nìkan ló kù. Ọmọdé ni nígbà náà, ó sì gbà tọkàntọkàn pé òun ló pa àbúrò òun. Ẹ má bi mí bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ṣé ọgbọ́n ló ń wá?

Sọ̀fíyàt dàgbà, ó kàwé, ó lọ́kọ, ó bí Ramlah. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ó ti lé lógójì ọdún dáadáa, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera kan ní Ṣakí. Kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Gbogbo ìròyìn aláìsàn láti àwọn dìsípẹ́ńsárì abúlé ni wọ́n ń kó wá, àti tuntun àti ti àtijọ́, wọ́n á sì tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ àìsàn tó ń bá ìlú kan jà lè wá béèrè níbẹ̀. Àwọn tó ń pín oògùn ìjọba pàápàá, ibẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ibi tí kálukú yóò dé.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́n. Ohun tí o bá bi í nìkan ló máa dáhùn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kọ ọ́ pé gìrì mú ọmọ, tí èkejì kọ ọ́ pé ọwọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ń gbọ̀n, ẹni tó bá tẹ gìrì kò ní rí ọmọ kejì rárá. Bí ẹnì kan kọ ìgbẹ́ gbuuru, tí ẹlòmíràn kọ ọ́ pé ó ń ṣu omi, ọ̀nà wọn ti pín nìyẹn. Àwọn aláìsàn tí orúkọ ò bá bá mu á wà nínú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọn ò bí sáyé.

Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀, ọ̀gá ilé ìkàwé náà, ló wá ojútùú sí i. Bàbá tó fẹ́ràn àlàyé ni. Ó pe Sọ̀fíyàt jókòó, ó ní ṣé ó mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Sọ̀fíyàt ní òun mọ̀. Ó ní ó dáa, ọmọ kan tó ń jẹ́ Kàdírì, ìyàwó àgbà á máa pè é ní Akọ̀wé, ìyàwó kejì á máa pè é ní Adúmáadán, ẹ̀kẹta á ní Baálé mi. Bí àlejò bá dé tó ń béèrè Akọ̀wé, tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Kàdírì náà ni, ṣé kò ní padà lófo ni? Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ kò ju pé kí nǹkan kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àgbà kan ṣoṣo, kí gbogbo orúkọ àdàpè máa júwe sí i. Ẹni tó bá sì béèrè orúkọ àgbà, kí gbogbo ará ilé jáde sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣùgbọ́n, Ìyá Ramlah," ló fi kún un, "ohun tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ẹ má pa á rẹ́ o. Ẹ so ó mọ́ orúkọ àgbà ni."

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Sọ̀fíyàt. Ó ń tò ó ní a, bí, dí, ó ń lu àwọn òṣìṣẹ́ abúlé láago láti bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pe kiní kan ní Ìgbẹ́tì, ohun tí wọ́n ń pè é ní Kìṣí. Tó bá délé lálẹ́, á máa sọ ọ́ fún Ramlah títí oorun á fi gbé ìyẹn lọ. Ó tò ó títí ó fi kan ejò.

Ó dúró. Kò sí ẹni tó tún mọ àwọn ará ilé orúkọ yìí jù ú lọ. Okùn ilẹ̀, ohun ilẹ̀, ẹni ilẹ̀, ẹ̀gún gún un, igi ta á, ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀: gbogbo bí àwọn èèyàn Ago-Amodu ṣe ń sọ ọ́ ló wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé paramọ́lẹ̀, sèbé àti ọká ló yẹ kí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ lábẹ́ bàbá. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló kù kó tẹ̀. Ó rí Tàjù lójúde, tó ń fi ọwọ́ wọ́ bí i, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó ní tó bá dọ̀la òun á padà sí i, ó sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Ọ̀la dé, ó ní ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi tò ó dé yíyún ara tó kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ pé, àyàfi ibi kan yẹn. Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ bi í bó ti parí. Ó ní ó kù díẹ̀. Àgbàlagbà náà gbọ́ "ó parí," ó sì ń polówó rẹ̀ káàkiri.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àwọn àlejò dé láti Ìbàdàn. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ọlọ́yàyà èèyàn, kò ní ìgbéraga kankan. Wọ́n fẹ́ pín abẹ́rẹ́ ejò, èyí tó ń pa oró rẹ̀, fún Òkè-Ògùn. Abẹ́rẹ́ náà wọ́n, kò pọ̀, inú fíríìjì ló sì gbọ́dọ̀ máa wà, nítorí náà kò lè dé gbogbo ìlú. Ìlú tí ejò bá ti ń ṣọṣẹ́ jù ni wọ́n máa gbé e fún. Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ gbé àga fún wọn, ó ní kí wọ́n máa bi kọ̀ǹpútà léèrè ohun tó bá wù wọ́n, pé ilé ìkàwé òun ti tún orúkọ gbogbo nǹkan ṣe, kò sí èyí tó fara pamọ́ mọ́. Ó na ọwọ́ sí Sọ̀fíyàt, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Obìnrin náà tẹ ejò. Kìṣí jáde, ó pọ̀. Ìgbẹ́tì jáde, òun náà pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n wà lọ́hùn-ún kì í ṣe ọmọ ìlú, ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kọ, wọn ò mọ òfin ilé ẹnikẹ́ni. Ago-Amodu kò jáde rárá. Dáníẹ́lì, ọmọ bíbí ìlú náà, ló ń tọ́jú dìsípẹ́ńsárì ibẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ ni, ohun tí àgbàlagbà bá sọ fún un ló ń kọ. Àgbàlagbà sì ń sọ fún un pé ẹ̀gún ni.

Obìnrin náà yí ojú sí Sọ̀fíyàt, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ Ago-Amodu ni.

"Ìlú tiyín ṣoríire o, ìyá. Ejò ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín."

Sọ̀fíyàt mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló mọ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ̀gá rẹ̀ di òpùrọ́ lójú àlejò, àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín tán. Àti pé òun gan-an ni yóò pe orúkọ náà, yóò sì ní láti sọ ìdí tí òun kò fi kọ ọ́, yóò dórí Tàjù níwájú àwọn tí kò mọ̀ rí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé tí wọ́n bá lọ, òun á pe ọ̀gá sí kọ̀rọ̀. Ìtìjú àti ẹ̀rù, nígbà tí àwọn méjèèjì bá di èèyàn lọ́wọ́ mú, ó di kó dákẹ́. Àwọn àlejò dúpẹ́, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Ó pe ọ̀gá sí kọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ kò bá a wí. Ó kàn jókòó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kó lọ parí rẹ̀ báyìí. Sọ̀fíyàt lọ, ó pa ojú dé, ó tẹ ejò, ó so gbogbo àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì bi kọ̀ǹpútà léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ago-Amodu tú jáde. Ó ju Kìṣí lọ, ó ju Ìgbẹ́tì lọ. Èèyàn lórí èèyàn, ìyá ọlọ́mọ, àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí láìsí ẹni tó rí wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú káàdì àtijọ́ kan, ó rí i pé: "Ọmọkùnrin, ọmọ Ràsáàkì. Ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lóko." Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún.

Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ kọ̀wé sí Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn náà. Èsì wọn kò le, ó kàn pẹ́ ni. Wọ́n ní àwọn kẹ́dùn, abẹ́rẹ́ ti pín tán, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì ló kàn. Wọ́n ní Ago-Amodu ni yóò ṣáájú lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí.

Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Gbogbo ìgbà òjò ni gbólóhùn yẹn ń jẹ Sọ̀fíyàt lọ́kàn. Àkókò tí koríko ń ga, tí ilẹ̀ ń tutù, tí àgbẹ̀ ń ki ọwọ́ bọ inú ebè láti wa iṣu tuntun, ìgbà yẹn gan-an ni ohun ilẹ̀ ń jáde. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kò sì gbà pé oko ti tó ó fi sílẹ̀.

Ó lọ bá a nílé lọ́jọ́ ìsinmi kan. Bàbá Tàjù jókòó sídìí máńgòrò, ó ń pọ́n ọkọ́. Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ kí i, ó gbé bàtà òjò tuntun kalẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ kó máa wọ̀ ọ́ lọ oko, kó má ki ọwọ́ lásán bọ abẹ́ ebè, torí kò sí abẹ́rẹ́ kankan nílùú yìí.

"Abẹ́rẹ́ kí ni?" ni bàbá béèrè. Ó mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Sọ̀fíyàt fẹ́ pè é.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Sọ̀fíyàt, a ti sin ẹnì kan nílé yìí torí ẹnu yín."

Sọ̀fíyàt dìde láìpè é, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ó jókòó lórí àpótí, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un: ibi tó fi sílẹ̀ lófìfo, àwọn àlejò, obìnrin tó ní wọ́n ṣoríire, bí òun ṣe dákẹ́. Ìyá Tàjù ń ko iná, kò wò ó. Nígbà tó parí, ó ní kó lọ fọ ojú rẹ̀ kí bàbá má baà rí i. Bàtà òjò náà wà nídìí máńgòrò títí adìẹ fi ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ìgbà iṣu tuntun ni Dáníẹ́lì pè é. Ìdájí ni, Sọ̀fíyàt ń múra ibi iṣẹ́. Dáníẹ́lì ní, "Àǹtí Sọ̀fí, Bàbá ni. Ẹ̀gún gún wọn lọ́wọ́ lóko nírọ̀lẹ́ àná." Ó bi í pé ẹ̀gún wo, Dáníẹ́lì kò sì lè fèsì, torí pé Ìyá Tàjù dúró tì í. Ó kàn ń sọ pé ọwọ́ ti wú dé èjìká, pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì bàbá, pé òun ti pe ilé ìwòsàn Ṣakí, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kò sí lọ́dọ̀ àwọn, Kìṣí ló wà. Sọ̀fíyàt kò gbọ́ ìyókù. Ó ti fò mọ́ ọ̀kadà.

Mọ́tò tó ń kó èédú ni wọ́n rí háyà fún Bàbá ní Ago-Amodu. Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé bàbá lé e, Sọ̀fíyàt gbé orí rẹ̀ lé itan, ìyá rẹ̀ di ẹsẹ̀ mú. Ọ̀nà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbà á rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Òjò ti gbẹ́ ẹ, mọ́tò ń bọ́ sí kòtò kan, ó ń jáde, ó ń bọ́ sí òmíràn. Bàbá ò pariwo. Ó ń fi ẹnu tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ka kálímà. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìgbòho, ó ṣí ojú, ó wá Sọ̀fíyàt títí ó fi rí i.

"Ẹ̀gún ni kí ẹ wí o," ló ní.

Sọ̀fíyàt ní, "Ẹ̀gún ni, Bàbá." Kí wọ́n tó rí òrùlé ilé àkọ́kọ́ ní Kìṣí, Bàbá ti dákẹ́. Abẹ́rẹ́ wà nínú fíríìjì lọ́hùn-ún, wọ́n fi hàn wọ́n. Wọ́n yí mọ́tò padà.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Nígbà tí Sọ̀fíyàt padà sẹ́nu iṣẹ́, ìròyìn Ago-Amodu ti dúró dè é. Dáníẹ́lì kọ ọ́ dáadáa pé: "Bàbá arúgbó kan, àgbẹ̀. Ẹ̀gún gún un lọ́wọ́ nídìí ebè iṣu. Ó kú lọ́nà Kìṣí." Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ ní kó jẹ́ kí òun bá a ṣe é. Ó kọ̀. Kò yí ohun tí Dáníẹ́lì kọ padà, torí ohun tí aláìsàn sọ ni, òun alára sì ti bá a sọ ọ́. Ó so ó mọ́ orúkọ àgbà. Ó tẹ ejò, lẹ́tà mẹ́ta. Bàbá Tàjù bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ fìdáù, ilé kún. Àwọn ààfáà ti ṣàdúrà tán lójúde, àwọn obìnrin wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sọ̀fíyàt ń gbé abọ́ mọ́sà yí wọn ká. Obìnrin kan tó bá Ràsáàkì tan, tó wá láti Ìgbẹ́tì, béèrè ohun tó ṣe bàbá, torí ó ní ara rẹ̀ le nígbà tí àwọn rí kẹ́yìn. Ìyá Tàjù ní ẹ̀gún ni. Àwọn obìnrin mi orí. Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò wí. Ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ ló mú ọmọ ọ̀kan nínú wọn lọ lọ́dún tó kọjá.

Sọ̀fíyàt dúró láàárín wọn tòun ti abọ́.

"Ejò ni," ló wí. "Ejò ló pa Bàbá. Ejò ló pa Tàjù."

Ẹnì kan ń tọrọ ààbò Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu. Ìyá ọmọ tó kú lọ́dún tó kọjá fi ìborùn bojú. Ìyá Tàjù kò bínú, kò pariwo. Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú.

"O mọ̀ ọ́n pè," ló wí. "Lọ́jọ́ tí àwọn ará Ìbàdàn béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, pípè rẹ̀ ìbá mú abẹ́rẹ́ wá, o ò pè é. Lọ́jọ́ tí o bá bàbá rẹ nídìí máńgòrò, pípè rẹ̀ ìbá dá ọwọ́ rẹ̀ dúró, o ò pè é. Èmi náà mọ̀ ọ́n, èmi náà ò pè é. Òní tí a ti bò ó mọ́lẹ̀ tán lo wá pè é."

Ó na ọwọ́, ó gba abọ́ mọ́sà lọ́wọ́ Sọ̀fíyàt, ó sì ń pín in lọ fún àwọn tí kò tíì kàn.